Ọlá ni, kì í ṣe «ọrọ̀-ìmọ̀lára»

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹni tó fi «ọrọ̀-ìmọ̀lára» túmọ̀ socioemotional wealth, ìyẹn àǹfààní tí kì í ṣe owó tí ìdílé ń rí nínú òwò tiwọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á padà. «Lára» yẹn ló bà á jẹ́. Ara la fi ń mọ ooru àti òtútù. Ohun tí ìdílé ń tìtorí rẹ̀ kọ èrè sílẹ̀ kì í gbé inú ara.

Lọ́dún 2007, onímọ̀ òwò Gómez-Mejía àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹbu òróró ólífì 1,237 ní gúúsù Spéìn. Ẹbu tó bá wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ewu òwò rẹ̀ á dínkù, ṣùgbọ́n àṣẹ á bọ́ lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín. Púpọ̀ nínú wọn ló kọ̀ tí wọn ò wọ̀ ọ́. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ẹbu wà nínú ewu, kí kọ́kọ́rọ́ ṣáà wà lọ́wọ́ ọmọ onílé.

Kí ni Yorùbá ń pe ìyẹn? Ọlá. Àmì òkè, ẹ jọ̀ọ́! Ọlà, tó ti inú «là» wá, ni owó àti ọjà inú ìsọ̀. Àwọn ará Spéìn fi ọlà wewu nítorí ọlá. Ohùn kan ṣoṣo ló pín in yà.

«Òwò ẹbí» tí wọ́n fi ń túmọ̀ family business náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. «Bí» ló wà nínú ẹbí. Ìyàwó tí a kò bí sílé ńkọ́, tó jẹ́ òun ló mọ gbogbo gbèsè tó wà níta? Òwò ìdílé ni. Bí baálé bá kú, ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, dé: ìyàwó mẹ́ta, ìdí mẹ́ta, ìdí ọlọ́mọ kan gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdí ọlọ́mọ márùn-ún gba bákan náà. Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, fọwọ́ sí i pé àṣà Yorùbá ni, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962. Àmọ́ ẹ̀rọ ìlọta kan kò ṣeé là sí mẹ́ta. Kí wọ́n má baà ní wọ́n rẹ́ ìdí ìyá tàwọn jẹ, wọ́n á tà á, ìsọ̀ á sì tì. Ojú owó kò yẹ kó wọ ìpín rárá. Ẹni tó ń dúró ti ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n tó ka èrè, kí wọ́n sì fi ìdí-igi pín èrè nìkan.

Lọ́dún 2012, Berrone, Cruz àti Gómez-Mejía tú socioemotional wealth sí márùn-ún: àṣẹ, orúkọ, àjọṣe pẹ̀lú ará ìta, ìfẹ́, àti fífi òwò lé ọmọ lọ́wọ́. Ọlá gba mẹ́rin. Ìfẹ́ ni kò wọ̀ ọ́, n kò ní fipá tì í bọ̀ ọ́. Ẹnìkan ti dábàá «okùn ọmọ ìyá» fún un. Ọbàkan ńkọ́? Àárín ọbàkan gan-an ni ìsọ̀ ti ń tú ká.