Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí nínájà ọkọ̀ tuntun: mo ti rà á

Ní oṣù tó kọjá, mo bèèrè bí mo ṣe lè ná ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Òṣogbo, nítorí pé ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní òun kò ní yọ kọ́bọ̀. Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n gba iye owó lórí ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ kan náà ní Ìbàdàn, kí n sì máa bèèrè àpapọ̀ owó tí màá san kí n tó wa ọkọ̀ lọ, kì í ṣe iye ọkọ̀ nìkan. Nígbà tí mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Òṣogbo, ọ̀gá wọn fi awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dín ₦900,000 kù. Ti pé kí n dìde bí ẹni tó ń lọ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́: mo dé ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó pè mí padà (ojú tì mí díẹ̀), àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tẹ̀ mí láago pé àwọn yóò san owó ìforúkọsílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló kù tí wọn kò tíì fún mi. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ ṣeun gan-an.