Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ lára síkírìnì ìpolówó, ṣé ó pọn dandan?

ÌyáAláńkárá:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó mọ̀ nípa síkírìnì LED, ẹ bá mi dá sí i. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní n'Íbàdàn, ẹ̀bá títì gan-an, a gbé LED kan kọ́ síwájú ẹ̀ tá a fi ń polówó léèsì àti ańkárá. Lọ́sàn-án tóòrùn bá ti mú, àwọ̀ aṣọ ò hàn rárá. Tó bá wá dalẹ́, iná ẹ̀ á máa ta àwọn ọlọ́kadà lójú, wọ́n á sì máa ṣépè fún wa, bàbá òdìkejì náà ti wá fẹjọ́ sùn pé òun ò rí oorun sùn. Ẹni tó bá wa gbé e kọ́ ní ká ra sẹ́ńsọ̀ sí i, pé á máa wo bójú ọjọ́ ṣe mọ́lẹ̀ tó, á wá máa tún iná ṣe fúnra ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni àbí owó ló kàn fẹ́ gbà?

TúndéOníLED:
Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Lóòótọ́ ni, àmọ́ nínú ìṣòro méjèèjì yẹn, ti alẹ́ nìkan ni sẹ́ńsọ̀ lè bá yín yanjú. Ti ọ̀sán, agbára ìmọ́lẹ̀ síkírìnì gan-an la máa wò, nit la fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ilé sábà máa ń wà ní 250 sí 400 nit, èyí tó máa kojú oòrùn níta sì yẹ kó tó 5,000. Tó bá ṣe pé ti inú gbọ̀ngàn ni wọ́n gbé síta fún yín (wọ́n máa ń ṣe é gan-an torí owó ẹ̀ ò pọ̀), kò sí sẹ́ńsọ̀ tó lè fún un lágbára tí ò ní.

Ti sẹ́ńsọ̀ yẹn, ibi tí wọ́n bá gbé e sí ṣe pàtàkì ju iye tẹ́ ẹ rà á lọ. Lux, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan, ló ń kà: ọ̀sán gangan tóòrùn ń ràn lè tó 100,000, títì lálẹ́ lè má ju bíi 20 lọ. Káàdì tó ń darí síkírìnì á wo nọ́ńbà yẹn, á wá mọ bó ṣe máa tàn tó. Tí wọ́n bá gbé e sábẹ́ páànù, á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú láago méjì ọ̀sán. Tó bá kọjú sí síkírìnì fúnra ẹ̀, iná ara ẹ̀ lá máa kà. Ẹ jẹ́ kó wà lókè, kó rí ojú ọ̀run. Kẹ́ ẹ sì máa nù ún o, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ike funfun kékeré tó bò ó lójú yẹn, eruku lè dì mọ́ ọn débi pé síkírìnì á máa ṣe bàìbàì nínú oòrùn, kẹ́ ẹ máa rò pé LED ló ti bà jẹ́.

Ajíbọ́lá_RingRoad:
Ẹ̀gbọ́n Túndé, èmi ò rò pó pọn dandan o. Níbí, yípo ọdún, àárín bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje kọjá díẹ̀ loòrùn ń wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aago sí i kó máa dín iná kù nírọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni, inú sẹ́tíǹgì ló wà.

ỌmọÌbàdàn_Lọ́ńdọ̀nù:
Aago dáa ju kó má sí nǹkan kan lọ, àmọ́ aago ò mọ̀ pójò ṣú. Ẹ wo aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹfà, ojú ọ̀run dúdú, títì tutù, síkírìnì wá ń tàn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀ níwájú ẹni tó ń wakọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mà ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí council (ìjọba ìbílẹ̀) bá fọwọ́ sí síkírìnì ìpolówó, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síwèé pé kò gbọ́dọ̀ ju 300 nit lọ lálẹ́.

ÌyáAláńkárá:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ó ku ẹyọ kan: jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e tí NEPA bá ti mú iná lọ, ṣé mo lè ní kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rẹlẹ̀ dé 2% lálẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì lè pẹ́?

TúndéOníLED:
Dísẹ́ẹ̀lì á dín kù lóòótọ́, bí LED bá ṣe ń tàn tó náà ló ṣe ń jẹ iná tó. Àmọ́ 2% ti kéré jù àǹtí mi, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn, wáìnì àti dúdú á di ọ̀kan náà, aṣọ lẹ sì ń tà. Tí tiyín bá jẹ́ 5,000, 300 nit yẹn jẹ́ 6%, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ dúró lọ́dọ̀ bàbá yẹn lálẹ́ kẹ́ ẹ jọ wò ó. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì iye tó máa dúró sí tí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé 100% ni wọ́n máa ń padà sí.