Ṣé lífìtì ọkọ̀ kékeré tó ohun téèyàn ń rà sí gáréèjì ilé?

Tísà_Ìkéré: Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Corolla ni mò ń wà, ìyàwó mi ń wa Sienna, èmi fúnra mi ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti buréèkì àwọn méjèèjì, jáàkì ni mo sì ń lò látọjọ́ yìí, àmọ́ ẹ̀yìn ti ń dùn mí gan-an tí mo bá ń dìde nílẹ̀. Mo wá rí lífìtì kan, irin gígùn méjì ni wọ́n ń tì sábẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí háídíróólíìkì á fi gbé e sókè. Owó ẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n rà á?

Mẹkáníìkì_Adó: Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì. Ilẹ̀ gáréèjì yín ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé òkè ni ilẹ̀ tiwa yìí, Ìkéré tiyín gan-an àárín àpáta ló wà. Ẹ da omi garawa kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tó máa sáré lọ. Kọnkéré tó le tó sì tẹ́jú ni lífìtì yẹn ń fẹ́, kì í ṣe íńtálọ́ọ̀kì, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀, torí tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rì díẹ̀ péré ọkọ̀ ti fẹ́ yọ̀ nìyẹn. Sienna ń sún mọ́ kìlò 2,000, èyí tó ń gbé pọ́ọ̀nù 5,000 ò ju bíi kìlò 2,270 lọ, ẹ ra èyí tó ń gbé 7,000 kọ́kàn yín balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé lọ́ọ̀kì ẹ̀ ti kọ́ lápá méjèèjì. Ọ́ìlì lè jò nígbàkigbà, lọ́ọ̀kì yẹn ló ń dá ẹ̀mí sí.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò: Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù há ọkọ̀ o. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù là sí méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà lábẹ́. Ó ń rìn báyìí, àmọ́ títí dòní tí mo bá rí èèyàn lábẹ́ ọkọ̀ àyà mi á já.

Ọmọ_Ìkọ̀lé: Mo ti bá ọ̀gá mi lò ó. Ẹ gbọ́ sà, kò ju bíi ìdajì mítà lọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè, ẹ ò lè dúró lábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ buréèkì, ó dáa gan-an, ẹ máa jókòó sórí àpótí ni, táyà á wà níwájú yín, ẹ̀yìn á sinmi. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ́ìlì, ẹ ṣì máa dùbúlẹ̀, àyè kàn máa gbà yín ju ti jáàkì lọ ni. Ti iná, èyí tó ń lo bátìrì ọkọ̀ wà, kò ní í dá yín dúró de NEPA.

Tísà_Ìkéré: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo da omi yẹn láàárọ̀ yìí, ẹnu géètì ló sáré lọ tààrà. Mo máa ra sítáǹdì irin mẹ́rin ná, kí n tún ilẹ̀ ṣe, ká tó sọ ti lífìtì. Ta ló mọ bíríkìlà tó mọ ilẹ̀ ẹ́ tẹ́ dáadáa n'Íkéré?