Ṣé kíkísítátà ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù lè gbé ẹ́ńjìnnì dísù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Abẹ́òkúta ni mo wà. Kíkísítátà (ẹ̀rọ iná tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè tan) ti bọ́ọ̀sì dísù tí mo fi ń ná Kútọ̀ sí Láfẹ́ńwá ló jó. Rìwáyà tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe fi ti ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù sí i, ó ní eyín wọn dọ́gba. Láti ìgbà náà, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á kàn máa fà tìrọ̀tìrọ̀, wáyà bátìrì á sì gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án. Bátìrì ọ̀hún tuntun ni o.

Mo mọ̀ pé dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo bíi ti pẹtiróòlù, afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ gan-an ló ń sun epo rẹ̀. Ṣé agbára kíkísítátà yìí ni ò tó? Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olójà tòkunbọ̀, kí ni kí n wò lára rẹ̀ kí n fi mọ ti dísù? Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí la fi ń jẹun.