Ẹni tí mo bá du àárín ẹ̀yìn pápá ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń ka ìtàn yín nípa ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ du nǹkan kan ṣoṣo. Tèmi kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Ipò kan lórí pápá bésíbọ́ọ̀lù ni.

Ìsánlú ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ìlọrin ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ eré náà, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní Ìlọrin ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo wá kàwé sí i ní Kàbà, a kó ara wa jọ, a ń yá pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lò ní Sátidé. Ìbọ̀wọ́ tí a fi ń hán bọ́ọ̀lù, mọ́kànlá péré la ní, méjì nínú wọn sì ti ya.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà: ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kan á fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i, á sì gbìyànjú láti sáré yí ká padà sí ibi tó ti gbá a, èyí tí à ń pè ní ilé. Nínú ẹgbẹ́ kejì, àwọn mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ pápá. Mẹ́ta máa ń dúró lẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan láàárín. Ẹni àárín yẹn, tí à ń pè ní sẹ́ńtà, ilẹ̀ rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Tí bọ́ọ̀lù bá fò wá sí àárín òun àti ẹnì kejì, tó sì pariwo "Tèmi!", kí ẹnì kejì yà fún un ni. Mo fẹ́ràn ipò yẹn débi pé mo ń lá a lálàá.

Ọmọ Ìjùmú kan ló bá mi du ú. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí, kò dárúkọ mi gán-an rí, kódà tí inú bá ń bí i. Mo lè sáré jù ú lọ, apá mi sì le ju tirẹ̀. Tí mo bá ju bọ́ọ̀lù láti ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìn pápá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa fọwọ́ kan ilẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́lé. Ọkàn mi ti balẹ̀ pé ipò ti di tèmi.

Mi ò tètè rí ohun tí ọmọ náà ní. Láti kékeré ló ti ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ bí ohun tí a jù ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Kí igi tó kan bọ́ọ̀lù tán, ó ti gbéra. Mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é, ó ní etí ni. Tí igi bá bá bọ́ọ̀lù dáadáa, á dún "kọ́!", gbígbẹ báyìí: ẹ̀yìn ni kéèyàn sá sí. Tó bá dún "bùù", bí ìgbà tí wọ́n lu àpò gàrí, kó máa bọ̀ níwájú. Ẹ rántí pé nínú ọyẹ́, ojú ọ̀run Kàbà máa ń funfun, bọ́ọ̀lù náà funfun, kò sì wúwo ju gíráàmù 149 lọ. Ojú nìkan kò tó.

Èyí tó le jù ni bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tààrà lójú ẹni. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́, èèyàn á rí bó ṣe ń tẹ̀. Èyí tó dojú kọ ẹ, oò lè mọ̀ bóyá iwájú ẹ ló máa bọ́ sí tàbí orí ẹ ló máa fò kọjá. Ẹsẹ̀ mi sábà máa ń gba iwájú. Kóòṣì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há: "Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, sẹ́yìn!" Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, ọmọ Ìjùmú yìí dúró. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n máa jù ú sí yín." Ó ń jù ú sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fura sí i. Mo rò pé ńṣe ló fẹ́ kó rẹ̀ mí ṣáájú ọjọ́ ìdíje. Ó ṣì ń dùn mí pé mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo ti ka ìtàn Wally Pipp, ará Amẹ́ríkà kan tó gbá bésíbọ́ọ̀lù. Ní 1925, wọ́n fi Lou Gehrig rọ́pò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Yankees ti New York, Gehrig kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Eré 2,130 ló gbá léraléra láìpa ọ̀kan jẹ. Nígbà tí ibà dé bá mi ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí àwọn ọmọ Ìlọrin máa wá bá wa ṣeré, orúkọ Pipp ló ń dún lórí mi. Mo mu àgbo dóńgóyárò, mo lo oògùn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kóòṣì fi mí sí sẹ́ńtà, ó fi ọmọ náà sápá òsì. Nígbà kẹrin tó kan àwọn ọmọ Ìlọrin láti fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kan gòkè láàárín àwa méjèèjì. Tèmi ni. Orí mi ń fọ́, oòrùn ń yọ mí lójú, ẹnu mi ò là. Ó dúró, ó ń retí ariwo mi. Bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín wa, èèyàn méjì sáré délé.

Kóòṣì béèrè ẹni tó yẹ kó pariwo. Ọmọ náà ní, "Èmi ni, sà."

Mi ò lè gbé e mì. Mo ní irọ́ ni, èmi ni, ibà sì ń ṣe mí. Kóòṣì yọ mí. Nínú eré yìí, ẹni tí wọ́n bá ti yọ kì í padà wọlé lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà bọ́ sí sẹ́ńtà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara mi yá, apá òsì ni mo lọ. Sáà méjì ni mo fi gbá eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń gbọ́ "Tèmi!" rẹ̀, tí mo sì ń yà.

— — —

Okun, bọ̀ọ̀dá. Mo ka ìtàn yín. Ẹ̀yin rí ẹni rere bá du ipò. Softball, eré tó jọ bésíbọ́ọ̀lù àmọ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi jù, ni mo gbá ní tèmi, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Apá òsì ni ipò mi. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan síbẹ̀ nítorí pé ẹbí rẹ̀ ló ra aṣọ ẹgbẹ́. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí, òun gan-an mọ̀, kì í wo ojú mi. Eré mẹ́ta ni mo jókòó wò, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni mo máa ń wọ bàtà mi, tí mo sì ń so okùn rẹ̀ pinpin. Nínú ìkẹrin, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, torí tèmi ti fàya. Ìbọ̀wọ́ yẹn ṣì wà nílé wa ní Kàbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún okùn rẹ̀ so.