Àwo orin Páṣíà àtijọ́: báwo la ṣe ń gbà á sínú kọ̀ǹpútà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwo ṣẹ́láákì (àwo giramafóònù àtijọ́) mẹ́ta wà nílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá níbí, orin Páṣíà ni, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kọ orin sí. Ọ̀rinrin òjò ti jẹ́ kí nǹkan funfun hù sí wọn lára. Kí la fi ń fọ̀ ọ́, kí la sì ń ṣọ́ fún tá a bá ń gbà á sílẹ̀?

Bàbá Giramafóònù:
Ẹ má fi sípíríìtì kàn án o! Ó ń yọ́ ṣẹ́láákì, ìlà orin á pa rẹ́. Omi bátìrì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ásíìdì o, kí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀lé ìlà náà yípo. Kí omi má kan bébà àárín, nọ́ńbà ibẹ̀ la fi ń tọpa ọdún àwo. Abẹ́ òjìji ni kí ó ti gbẹ, oòrùn á wọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́ LP, ìyẹn ti àwo fáínìlì tó dé lẹ́yìn ṣẹ́láákì, kéré jù, ìsàlẹ̀ kòtò ìlà orin ni yóò máa ha. Abẹ́rẹ́ 3 mil (ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì) ni kí ẹ lò.

Akọ̀wé Bódìjà:
Bàbá ti sọ ọ́ tán, iná ló kù. Gramophone Company, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, gba orin sílẹ̀ ní Tehran ní 1906, láyé Mozaffar al-Din Shah, ọba Páṣíà. Ìgbà tí àwo olójú kan ṣì pọ̀ nìyẹn. Ìyára 78 (kí àwo yí po nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìyẹn kò le: tí ìyára bá yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ohùn ló jọ yẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún un ṣe. Èyí tó ń lọ sókè sódò ló burú. Orin Páṣíà ní koron, ohùn tí wọ́n fi bíi ìdá mẹ́rin tóònù rẹ̀ sílẹ̀. Tí mọ́tò yín bá ń tẹ̀lé iná, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì sún láti 50 Hz sí 51.5, ohùn ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ radif, àkójọ orin àbáláyé Páṣíà, nínú rẹ̀ á kọ́ òdì. Inverter tó ń mú ojúlówó sine (ìgbì iná tó ń lọ geere) jáde ni kí ẹ lò, kí Hz rẹ̀ má bàa yẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ká yọ ariwo ṣaṣa inú rẹ̀?

Bàbá Giramafóònù:
Kì í ṣe nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Fáìlì WAV, 24-bit, 96 kHz, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ariwo tí ẹ bá yọ jù á kó ìró mezrab (ohun tí wọ́n fi ń ta okùn) lórí okùn tar, ohun èlò orin olókùn ti Páṣíà, lọ. Ẹ pa RIAA, àtúnṣe ohùn tí ẹ̀rọ ń ṣe fún àwo LP, pẹ̀lú: ìwo ni wọ́n fi ń gba orin kó tó di 1925, kò sí RIAA nígbà náà, tí ẹ bá tan án, olórin á dà bí ẹni tó ń kọrin lábẹ́ ìbora. Ẹ̀dà kejì ni kí ẹ máa ṣe lóge.