Ta ló ti dé ọ̀dọ̀ ostéopathe (ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú egungun àti iṣan) rí ní Àjàṣẹ́?

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yìn ń dun ìyá mi ní Kétu. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, àfi kí wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè nàró. Fọ́tò tí wọ́n yà fi hàn pé egungun kò ṣẹ́. Wọ́n wá ní kí n gbé ìyá mi lọ bá ostéopathe. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìtọ́jú náà, kò sí oògùn, Andrew Taylor Still ló sì dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1874. Ṣùgbọ́n ṣé tipátipá ni wọ́n ń tẹ ẹ̀yìn? Àgbàlagbà ni wọ́n o! Ṣé ara á ro wọ́n lọ́jọ́ kejì? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ, èló lẹ san? (Ẹ má dárúkọ àgbo, a ti mu ún sú.)